Inú Gbé Mélòó, Ẹ̀yìn Gbé Mélòó

Àwọn ọmọ-ọmọ mi obìnrin méjì ló fà á tí mo fi mú bíìkì láti kọ̀wé yìí. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Èkejì fẹ́ràn ìṣirò, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ènìyàn lè fi ìṣirò ṣe yàtọ̀ sí kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé. A jókòó lábẹ́ igi máńgòrò wa ní Pọbẹ̀, a ń bó ẹ̀gúsí, ni èyí tó fẹ́ràn ìṣirò bá bi mí pé:

"Ìyá àgbà, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe ní kílíníìkì yẹn? Ẹ kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ kì í ṣe agbẹ̀bí. Ẹ ò sì kàwé débi kan."

Mo ní, "Mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀, mo sì máa ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dànù. "Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́?"

Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn nínú ìwé, nítorí ẹ̀rín wọn kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ọmọ ẹlòmíì tí ẹ̀ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ bá wọn gbọ́ ọ.

Àgìdì ni wọ́n bí mi sí, lábẹ́ Ṣakẹ́tẹ́. Mo kàwé dé kíláàsì kẹrin kí bàbá mi tó ní ó tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ lẹ́tà, mo mọ nọ́ńbà, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì mọ́. Mo wá fẹ́ ọkọ ní Pọbẹ̀, awakọ̀ tó ń kó òkúta ní Oníigbólò. Nígbà tí kílíníìkì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń wá ọmọ ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀, mo lọ gbálẹ̀ níbẹ̀. Bí mo ṣe wọlé nìyẹn, kò sí ìtàn nínú rẹ̀.

Ẹni tó sọ ìgbálẹ̀ mi di ìkọ̀wé ni olórí agbẹ̀bí ibẹ̀. Ìyá Ṣakẹ́tẹ́ ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ibẹ̀ ló ti wá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n bó bá wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, wàá fẹ́ padà sínú ìyá rẹ. Ó rí mi lọ́jọ́ kan tí mo ń nu tábìlì, tí mo sì ń ka orúkọ tó wà lára káàdì kan.

"Ìwọ, o mọ̀wé?"

"Díẹ̀, Màmá."

"Díẹ̀ ni mo ń wá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n púpọ̀ kì í fetí sílẹ̀."

Ó fún mi ní kàyé, ìwé ìkọ̀wé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Iṣẹ́ náà rèé: obìnrin tó bá wá, kó tó rí dókítà, èmi ni màá jókòó tì í. Màá bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, iye ọdún tó ti ń retí, oyún tó ti ní rí, ọmọ tó ní, àìsàn tó ti ṣe é, iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Màá kọ ọ́. Bí ìtọ́jú bá parí, màá padà sí ojú ìwé náà, màá kọ bó ti já sí.

Ọdún méjì gbáko ni Ìyá Ṣakẹ́tẹ́ fi kọ́ mi kó tó gbà kí n dá jókòó ti aláìsàn. Ẹ gbọ́ bó ṣe le tó. Lóṣù àkọ́kọ́, ó ṣí kàyé, ó rí ibi tí mo fa ìlà kékeré sí nítorí pé obìnrin kan kò dáhùn.

"Kí nìyí?"

"Kò sí, Màmá."

"Kí ni kò sí? Ṣé kò lóyún rí ni, àbí kò fẹ́ sọ ni, àbí ìwọ lo gbàgbé láti bi í?"

Mo tún wo ìlà náà.

"Mẹ́ta ni wọ́n, ìlà rẹ kan ṣoṣo sì gbé gbogbo wọn mì. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan máa ka ìwé yìí nígbà tí èmi àti ìwọ kò ní sí níbí mọ́. Irọ́ lo máa pa fún un." Ó fa ojú ìwé náà ya. Ó ní kí n tún gbogbo kàyé kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi tún un kọ, ìka mi wú. Láti ìgbà náà, "rárá" ń jẹ́ rárá, "kò sọ" ń jẹ́ kò sọ, "n kò bi í" sì ń jẹ́ ẹ̀bi mi.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà, ogun ni. Lórí ìwé ìbí ọ̀pọ̀ obìnrin ìgbà náà, ọdún tí adájọ́ fojú díwọ̀n ló wà níbẹ̀. Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ ìwé ìbí àbúrò rẹ̀ ló fi wọ ilé ìwé, tó sì ń gbé ọjọ́ orí àbúrò kiri títí dòní. Ìyá Ṣakẹ́tẹ́ ní kí n gbé ìwé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bi í pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń fọ́ òkúta ní Oníigbólò, ṣé ó ti ń pọnmi ni, àbí wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n ni." Bí mo bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀, ojú wọn á là, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún bọ̀ láti ibẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó ń parọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ wọ inú kàyé rẹ̀ láé: àgàn. "Ẹni tó ń retí" ni kí n kọ. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ bi obìnrin ní nǹkan kan níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ọkọ ló dáhùn gbogbo rẹ̀, títí kan ọjọ́ tí aya rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní òun mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ni ín lọ. Nígbà tí Ìyá Ṣakẹ́tẹ́ ka ohun tí mo kọ, ó pè mí wọ yàrá. "Ìyá ọkọ lo kọ sílẹ̀ yìí. Ó ti di aláìsàn rẹ nìyẹn. Jẹ́ kó lóyún fún ọ."

Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ kan wà tó le ju kí a fọ́ òkúta lọ, òun ni kí a sọ fún àgbẹ̀ kan pé a fẹ́ yẹ òun náà wò. Ọ̀kan nara, ó ní, "Ẹ wo àgbò mi, ẹ wo òbúkọ mi, ẹ wo àkùkọ mi. Gbogbo ohun tó ń mí ní agbo ilé mi ló ń bí. Ṣé èmi ni n kò ní bí?"

Ìyá Ṣakẹ́tẹ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ó dáa, Bàbá. Ẹ mú àgbò náà wá lọ́la, ká kọ́kọ́ yẹ òun wò."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó gba ife kékeré náà lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Ó le, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò jáde níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó padà sí Ṣakẹ́tẹ́, èmi nìkan ló kù nídìí kàyé. Dókítà tuntun dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó níwà pẹ̀lẹ́. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo ibi tí òtítọ́ máa ń sá pamọ́ sí. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi béèrè, mo sì ṣìnà, mo tún mú ẹlòmíì dání.

Àsàkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Aránṣọ ni ní Igana. Ó wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì tí ojú wọn jọra, aṣọ kan náà lọ́rùn wọn, iṣẹ́ ọwọ́ ìyá wọn hàn lára wọn. Obìnrin tó mú un wá ń pè é ní Ìyá Ìbejì. Mo jókòó tì í. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ, mo bi í bí mo ṣe ń bi gbogbo ènìyàn:

"Ọmọ mélòó lẹ ní?"

Ó wo àwọn ọmọ náà. Àwọn náà ń wo ẹnu rẹ̀.

"Méjì."

Mo kọ méjì. Mo tilẹ̀ dá àpárá sí i: "Ẹni tó ti kó méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí ti àwọn ẹlòmíì kù fún wọn ni?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa ọ̀kan nínú wọn mọ́ra. Ẹ̀rín yẹn, mo ṣì ń rí i.

Dókítà ka ohun tí mo kọ. Ó ní ẹni tó ti bí ìbejì rí, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wọ ilé ọmọ rẹ̀ là, kò sí ìdí láti máa wá ibẹ̀ kiri. Ó ní kí a fún un ní oògùn tí yóò jẹ́ kí ẹyin máa jáde déédéé, kí ó sì ṣe sùúrù. Àsàkẹ́ ṣe sùúrù. Ó ń ti Igana wá lóṣooṣù lórí alùpùpù, ọdún méjì. Lóṣooṣù ni mo ń kọ ọ́ sí ojú ìwé rẹ̀ pé: kò tíì sí.

Láàárín ìgbà yẹn, irinṣẹ́ wa ń yí padà. Wọ́n gba kàyé lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní fíìsì, ìwé pélébé tí wọ́n ti fa ìlà àpótí kéékèèké kún. Mo bínú sí i. Kàyé máa ń gba àlàyé. Mo lè kọ ọ́ sí etí ìwé pé obìnrin yìí sunkún nígbà tí mo bi í ní ti ọkọ rẹ̀. Àpótí kì í gba ẹkún. Kò pẹ́ sí i, wọ́n gbé òrìdìnátọ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, dé, wọ́n sì rán ọmọbìnrin kan sí wa láti yunifásítì, Rósálì, ọmọ Pọbẹ̀ níbí náà, tó ń kọ́ nípa ìṣirò. Ó fẹ́ kó gbogbo kàyé àti fíìsì mi sínú ẹ̀rọ náà. Èmi ń kà, òun ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ oṣù la fi ṣe é.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Màmá, tí a bá kó o tán, màá ṣe mọdẹ́lì."

"Mọdẹ́lì kẹ̀? Ti búbá ni àbí ti kaba?" Níbí yìí, ìyẹn là ń pè ní mọdẹ́lì, àwòrán aṣọ tí aránṣọ ń gbé kọ́ ara ògiri kí oníbàárà lè yan èyí tó wù ú.

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ronú. "Màmá, ẹ ò jìnnà sí i. Aránṣọ tó ti wọn ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin, tí ẹnìkan bá sọ fún un bí òun ṣe ga tó àti bí ìbàdí òun ṣe tó, ṣé kò lè fojú inú wo bí apá rẹ̀ á ṣe gùn tó, kó tó fi okùn wọ̀n ọ́n?"

"Ó lè ṣe é. Ó sì lè ṣì í."

"Ó lè ṣì í lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi. Mo fẹ́ fi gbogbo àwọn tí ẹ ti kọ sílẹ̀ wo ohun tó wà lára àwọn tí ìtọ́jú jẹ́ fún. Ṣé ọjọ́ orí ni, ṣé iye ọdún tí wọ́n ti retí ni, ṣé ti ọkọ ni. Kì í ṣe pé màá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan o. Ẹni tó ti retí pẹ́, ọjọ́ orí tirẹ̀ náà ti ga. Èwo nínú méjèèjì ló wúwo? Àfi kí n kó àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu jọ, kí n tó fi ìretí wọn wéra."

Ó yé mi. Ìyá Ṣakẹ́tẹ́ ló ti sọ pé ẹnìkan máa ka ìwé yìí. Ẹni náà ló dé yìí.

Nígbà tí ìṣirò náà jáde, ohun tí èmi alára ti ń fura sí ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ orí obìnrin ló wúwo jù. Ọdún ìretí tẹ̀ lé e. Ti ọkọ náà wà níbẹ̀, kí àwọn alágbò gbọ́. Ṣùgbọ́n àpótí ọmọ kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó ti bí rí àti ẹni tí kò bí rí, ọgbọọgba ni. Dókítà họ orí.

"Gbogbo ìwé tí mo kà ló ní ó máa ń rọrùn díẹ̀ fún ẹni tó ti bí rí. Bóyá ara àwọn obìnrin ìhín ló yàtọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi, n kò mọ ìdí rẹ̀. Ara wa yàtọ̀ báwo?

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Rósálì ní òun fẹ́ mọ bó ṣe ń pẹ́ tó láti bi ènìyàn ní gbogbo ìbéèrè inú fíìsì. Ó ní kí n jókòó sí àga aláìsàn, kí òun fi mí dán an wò. Ó bi mí ní orúkọ, ó bi mí ní ìlú. Ó ní:

"Ọmọ mélòó lẹ ní, Màmá?"

"Kí Ọlọ́run dá wọn sí. Mẹ́fà."

Ó tẹ mẹ́fà. Mo gbọ́ bó ṣe ró lábẹ́ ìka rẹ̀.

"Dúró ná," ni mo wí. "Mẹ́rin ni mo bí."

"Méjì yòókù ńkọ́?"

"Ìyàwó kejì ọkọ mi ló bí wọn. Ó kú, mo gbà wọ́n tọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ní mẹ́fà?"

"Nítorí mẹ́fà ni wọ́n!" Mo pariwo débi pé nọ́ọ̀sì yọrí wò wá.

Rósálì gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù èsì. "Màmá, àwọn mélòó nínú kàyé yín ló dáhùn bí ẹ ṣe dáhùn yìí?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní ìlú wa, ta ni yóò wo ọmọ tó tọ́ lójú, tí yóò sọ pé kì í ṣe tòun? Ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ orogún, ọmọ àbúrò tó kú, ọmọ ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu wa. Àwọn obìnrin náà kò parọ́ fún mi. Èmi ni mo bi wọ́n pé mélòó lẹ ní, tí mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé mélòó lẹ bí ni mo béèrè. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lára ara mi, n kò sì rí i lára wọn. Ìyá Ìbejì ti Igana ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí.

Ọjọ́ kejì, mo gun alùpùpù, mo lọ. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn ọmọ wà ní ilé ìwé.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé dókítà ló rán yín?"

"Rárá. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ẹ̀yin lẹ bí àwọn ìbejì?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ló bí wọn. Ọjọ́ kẹsàn-án tó bí wọn ló kú. Kí ló dé?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ọ̀kan pamọ́: ohun tí mo béèrè, ohun tí mo kọ, ohun tí dókítà rò nítorí ohun tí mo kọ. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó di apá mi mú.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Màmá. Ẹ ó tún fi kún ẹrù mi ni." Ó fa aṣọ tó ń rán yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. "Ọdún méjì."

"Ọdún méjì."

"Ẹ bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní. Àwọn ọmọ ń wò mí lẹ́nu. Ṣé kí n sọ pé n kò ní ni?"

"Rárá. Ẹ̀bi mi ni."

Ó gbé aṣọ tó ń rán sókè, ó nà án láàárín èmi àti òun. "Ẹ wo èyí. Tí mo bá fi ìwọ̀n ẹlòmíì gé aṣọ oníbàárà, tí kò bá a mu, màá ra aṣọ míì dí i fún un. Ìwọ̀n ẹlòmíì lẹ fi gé tèmi. Ọdún ńkọ́, Màmá? Ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á?"

Mo jókòó, mo gbà á.

Àwọn ìbejì ti ilé ìwé dé, wọ́n kúnlẹ̀ kí mi. Ojú kan náà ni Àsàkẹ́ yí padà. "Ẹ lọ bọ́ aṣọ ilé ìwé yín. Ìrẹsì wà nínú ìkòkò, Táyé, má bu ti Kẹ́hìndé mọ́ tìrẹ." Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn mìíràn wà tó dà bí èmi nínú ìwé yín?"

"Wọ́n á pọ̀."

"Ẹ ó tún wá bi wọ́n?"

"Mo gbọ́dọ̀ bi wọ́n. N kò kàn mọ bí màá ṣe bi wọ́n kí ó má baà dun àwọn ọmọ."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ. Mo rò pé ó ti bá mi sọ̀rọ̀ tán. Láìgbójú sókè, ó ní, "Ẹ bi wọ́n pé inú gbé mélòó, ẹ̀yìn gbé mélòó. Ká ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bi mí ni, ǹ bá ti dá yín lóhùn níwájú wọn, wọn kì bá mọ nǹkan kan. Ta ni ẹ̀yìn rẹ̀ gbé ọmọ rí tí yóò tijú láti sọ ọ́?"

Bí mo ṣe mú ìbéèrè náà lọ nìyẹn. Mo kó orúkọ àwọn tó ní ọmọ nínú ìwé mi, mo ń lọ láti ilé dé ilé, ní Pọbẹ̀, ní Igana, títí dé Àgìdì wa. Inú gbé mélòó, Màmá? Ẹ̀yìn gbé mélòó? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan sunkún, ó ní ó pẹ́ tí ẹnìkan ti fẹ́ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ láìfi bú òun. Àwọn kan ti kó lọ. Mo kọ ti wọn sílẹ̀ pé: n kò bá a. Ìyá Ṣakẹ́tẹ́ ì bá gbà fún mi.

Rósálì tún ìṣirò náà ṣe. Àpótí ọmọ sọ̀rọ̀ wàyí, ó sọ ohun tí ìwé dókítà sọ. Ó ní, "Ara wa kò yàtọ̀, Màmá. Ìbéèrè wa ni kò bá ẹnu wa mu." Ó wá fẹ́ yọ ti ẹ̀yìn kúrò, ó ní ti inú nìkan ló wúlò fún ìṣirò. Mo kọ̀. Mo ní tí kò bá sí ibi tí wọ́n máa kọ ti ẹ̀yìn sí, inú ni wọ́n tún máa kó o sí. Ó rò ó, ó fi àpótí méjèèjì sílẹ̀.

Wọ́n mú Àsàkẹ́ lọ sí Kùtọnù, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Ọ̀nà ẹyin méjèèjì ti dí pátápátá. Gbogbo ẹyin tí oògùn náà mú jáde kò ní ibi tó lè gbà. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n yọ ẹyin rẹ̀, kó pàdé ti ọkọ rẹ̀ lóde ara, kí wọ́n tó dá a padà sínú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni agbára òun àti ọkọ rẹ̀ gbé. Kó tó lọ, ó wá bá Rósálì.

"Wọ́n ní o ní mọdẹ́lì kan. Kí ló sọ nípa mi?"

"Àǹtí, kò lè sọ̀rọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ àwọn tó jọ yín ló lè sọ. Nínú wọn, àwọn tó rí i kéré sí àwọn tí kò rí i."

"Ṣùgbọ́n àwọn kan rí i?"

"Àwọn kan rí i."

"Ó dáa. Mọdẹ́lì kì í ṣe aṣọ. Ká lọ wọ̀ ọ́ wò."

Ó lọ. Wọ́n dá a padà sínú rẹ̀. Ìjọ rẹ̀ gbààwẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbé korobá omi kan. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ó wọ ọ́fíìsì mi ní àárọ̀ kan, òun nìkan, ó jókòó sí àga tó jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ẹ kọ ọ́, Màmá. Kò dúró. Ẹ kọ ọ́ dáadáa."

Mo kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó mọ́ láti kékeré, ọjọ́ náà ló wọ́.

Nígbà tó lọ tán, mo bi Rósálì ní ohun kan ṣoṣo. "Ọdún méjì yẹn, ṣé ó wúwo nínú ìṣirò rẹ?" Mo ní kó má parọ́ fún mi.

"Ó wúwo díẹ̀, Màmá. Kì í ṣe òun nìkan."

Díẹ̀ yẹn ni mo ń gbé kiri láti ìgbà náà. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé iṣẹ́ tí ẹ fi rẹ́rìn-ín yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fi sí ipò ọ̀rọ̀ mìíràn nínú rẹ̀ lè jẹ ọdún méjì lára ènìyàn. Ìwọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, wo ẹni tó wà nínú yàrá kí o tó la ẹnu. Ìwọ tó fẹ́ràn ìṣirò, ṣe é, ó wúlò, mo rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ńbà bá sọ fún ọ pé ara àwọn ènìyàn rẹ yàtọ̀, kọ́kọ́ lọ jókòó sí àga aláìsàn, kí wọ́n bi ìwọ náà ní ìbéèrè rẹ.

Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Wọ́n ní kí n wá ẹni tí màá fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Mo ní mo mọ ẹnìkan, tó bá máa gbà. Mo tún gun alùpùpù lọ sí Igana. Àsàkẹ́ ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun kò ní fi ìránṣọ òun sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni òun lè máa wá. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo jẹ́ kó tún odindi ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kan ṣe nítorí àpótí kan tó fi sílẹ̀ lófo. Ó pè mí ní ìyá tó le, inú mi dùn.

Ọjọ́ tí mo gbẹ̀yìn níbi iṣẹ́, mo jókòó sí ìta, mo ń retí ọmọ mi tó máa wá gbé mi. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Obìnrin kan wà nínú ilé pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó dì mọ́ aṣọ rẹ̀. Mo gbọ́ tí Àsàkẹ́ bi í léèrè. Obìnrin náà kò fèsì. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún un: kò sọ. Mo ń retí kó tẹ̀ ẹ́.

Kò tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe fa àga sún mọ́ ọn.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi," ni ó wí. "Inú kò gbé. Ẹ̀yìn gbé méjì, wọ́n ti ga jù mí lọ. Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"